Ìdí Tí Ẹ̀gbà Fi Ní Ẹsẹ̀ Púpọ̀, Tí Àgbọn Sì Ń Tẹ̀ Sí Omi

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn igi ṣì ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní fò lọ síbi iṣẹ́, Ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, kò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Àgbọn náà ní tirẹ̀. Àgbọn dúró ṣánṣán nígbà náà, ara rẹ̀ ń dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Ó mọ̀ pé òun rẹwà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ní abúlé kan létí ọ̀sà, inú ẹrẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rìn kọjá kí wọ́n tó ti inú ọkọ̀ dé orí ilẹ̀. Ọjọ́ tí ẹrẹ̀ gbé ìyá arúgbó kan mì dé ìbàdí ni Orímisàn, ọ̀gá àwọn tó ń ri òpó, sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní òun yóò kọ́ afárá sí èbúté, kí ọkọ̀ lè máa gúnlẹ̀ sí i.

Ó wá igi méjì tí yóò dúró sí ìparí afárá náà, níbi tí omi ti jìn jù. Ẹ̀gbà àti Àgbọn ní àwọn yóò ṣe é.

Orímisàn ní, "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Ẹ óò ti ẹsẹ̀ bọ iná títí yóò fi dúdú bí èédú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò omi yóò jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbà ti ẹsẹ̀ bọ iná. Ó pariwo, omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ẹsẹ̀ náà títí ó fi jóná dáadáa.

"Iná kẹ̀? Sí ẹsẹ̀ mi tó ń dán yìí?" Inú ara rẹ̀ ni Àgbọn ti sọ ọ́. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Orímisàn pé, "Bàbá, ojú ń tì mí láti sunkún níwájú èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n lọ jó tèmi lẹ́yìn ilé."

Ó dé ẹ̀yìn ilé, ó ha dúdú ìdí ìkòkò, ó fi pa ẹsẹ̀. Ó padà wá, ó tún ń tiro! Ẹ wo ìwà ọ̀dájú! Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ń sọ ìtàn yìí títí irun mi fi funfun, síbẹ̀ bí mo bá dé ibi títiro yìí, inú a máa bí mi.

Ẹ̀gbà wò ó. "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló dé tí n kò gbọ́ òórùn iná lára rẹ?"

Àgbọn fajú ro. "Ṣé òpùrọ́ lò ń pè mí ni?"

Ojú ti Ẹ̀gbà.

Wọ́n ri àwọn méjèèjì sínú omi, wọ́n to pákó lé wọn léjìká. Afárá náà dára, gbogbo abúlé ń rìn lórí rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Kò pẹ́ tí kòkòrò omi fi rí ẹsẹ̀ Àgbọn. Akàn tó ń gbé nísàlẹ̀ rí i. Ó ní, "Àgbọn, wọ́n ti ń jẹ ọ́ o. Sọ fún Orímisàn kó fi igi mìíràn pààrọ̀ rẹ."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Àgbọn jágbe mọ́ ọn. "Pa ẹnu rẹ mọ́!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Fẹ́hìntọlá ti inú ọkọ̀ gun afárá. Ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó pọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Obìnrin mẹ́fà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti gòkè tán ni ẹsẹ̀ Àgbọn dá, gbàà! Ǹjẹ́ ó ké pé kí wọ́n sá? Rárá o. Ó yọ ara rẹ̀ lábẹ́ pákó, ó fi kùkùté ẹsẹ̀ tó kù fò lọ sí etí omi, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Afárá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fẹ́hìntọlá ṣubú, ó di etí pákó mú, ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kan omi. Gbogbo ẹrù náà wá di ti Ẹ̀gbà nìkan, lórí ẹsẹ̀ kan náà.

Inú bí Ẹ̀gbà. Ó bí i débi pé ara rẹ̀ bẹ́. Ẹsẹ̀ kan yọ ní ìhà rẹ̀, ó gún ẹrẹ̀. Ìkejì yọ. Ìkẹta yọ.

"Ẹ kọjá!" ni ó ń pariwo. "Ẹ tètè kọjá! Mi ò ní í jẹ́ kó wó!"

Ó ta ẹsẹ̀ mìíràn, ó tún ta òmíràn, àwọn obìnrin náà fa Fẹ́hìntọlá sókè, títí ẹni ìkẹyìn fi dé orí ilẹ̀. Ẹja lọ, ṣùgbọ́n ọmọ yè.

Orímisàn fa ẹsẹ̀ Àgbọn tó dá jáde nínú omi. Omi ti fọ dúdú ìkòkò lọ. Funfun báláú ni ẹsẹ̀ náà, ihò kòkòrò kún un.

"Ohun tí iná bá jó, omi kò lè fọ̀ ọ́!" Orímisàn gbé e síwájú Àgbọn. "Kí lo fi pa ẹsẹ̀?"

"Dúdú ìdí ìkòkò ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, Àgbọn!" Fẹ́hìntọlá bú sẹ́kún. "Ọmọ mi! Nítorí kí ẹsẹ̀ rẹ lè máa dán?" Ó fa okùn ọkọ̀ yọ, ó fi na Àgbọn láti ìdí dé orí. Kò sí ẹni tó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní mo wà níbẹ̀, èmi náà kò ní gbà á.

Àgbọn kọjú sí omi. "Ẹ̀gbà, ọ̀rẹ́ mi, má bínú."

"Má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́! Mo bi ọ́ léèrè, o jẹ́ kí ojú tì mí. Láti òní lọ, n kò ní bá ẹnikẹ́ni pín ẹrù mọ́. Ẹsẹ̀ ara mi tó mi."

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbà ti ń ta ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àpá okùn ti yí ara Àgbọn ká láti ìdí dé orí. Ní abúlé yẹn, wọn kì í ri òpó kankan mọ́ láìkọ́kọ́ fi omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Etí omi ni Àgbọn ṣì wà, ó tẹ̀ síwájú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ń ju èso rẹ̀ sínú omi kí ó lè fi tu Ẹ̀gbà lójú. Omi á gbé e lọ, omi á sì tún gbé e padà wá sórí iyanrìn, àwa la ń ṣà á jẹ. Ẹ̀gbà kò tíì mú ẹyọ kan.