Ìkòkò Ìyá Òkété

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o.
Ààlọ̀!
Àlọ́ tèmi wọ́ ẹsẹ̀ títí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ẹtu.

Nígbà tí ọ̀dá mú, Erin ọba rán Ẹtu kó máa bi ará ìlú bóyá wọ́n ń jẹun yó, kí òun lè fún ẹni tí ebi ń pa níṣu. Ọ̀bọ nu epo ẹnu rẹ̀ nù, ó ní ebi fẹ́ẹ̀ pa òun kú. Àlejò àna wà nílé Òòrẹ̀, ojú ń tì í, ó ní òun yó bámúbámú. Ẹtu wá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Òkété, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

“Ìyá, ṣé ẹ ń jẹun yó?”

“A dúpẹ́, ọmọ mi. Kò sí ohun tó ń ṣe wá.”

Ẹtu rí i pé aláǹtakùn ti ta òwú sẹ́nu ìkòkò. Ṣùgbọ́n bíbéèrè ni wọ́n ní kó béèrè, wọn ò ní kó wò. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe jíṣẹ́ fún ọba. Ilé Ọ̀bọ ni iṣu lọ.

Nígbà tí òjò dé, Ẹtu kọjá nílé Ìyá Òkété, kò gbọ́ ohùn ọmọ kankan mọ́; ebi ti pa wọ́n kú. Ẹtu ń sunkún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo bi ẹnu, ẹnu lóun yó —
Ìkòkò mọ̀.
Mo rí ìkòkò, mo bá tèmi lọ —
Ìkòkò mọ̀.

Títí dòní, ibi tí Ẹtu bá dé, á dúró, á la ojú ńlá sílẹ̀, á máa wò.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn. Ẹtu ló ṣì wà lórí ìdúró.