Bùbá Jagun

Jagun Ìdóyìn, olóyè tí kò sẹ́ni tó lè yẹ ohùn rẹ̀ nílùú, fi àwòrán ìgbà tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùmí télọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi àwòrán wọn oníbàárà, tó sì ń wọ aṣọ sára àwòrán náà nínú fóònù, kí oníbàárà lè rí bó ṣe máa rí lára òun. Bùbá tó ní kí wọ́n rán dé, ó há mọ́ ọn ní ikùn, ló bá pe Ìbíwùmí síwájú àwọn àgbà: “Bó ṣe rí nínú fóònù ni kó rí lára mi nísinsìnyí, láìfi abẹ́rẹ́ kàn án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní ránṣọ nílùú yìí mọ́.” Ìbíwùmí kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́. Ó gba bùbá náà, ó gbé e fún Kọ́láwọlé, àkọ́bí Jagun tó wà níbẹ̀, tó jọ bàbá rẹ̀ ìgbà tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìmumu, ó ní kó bá òun wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí. Ìbíwùmí gbé fóònù tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ náà, àwọn àgbà wò ó títí, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ìbíwùmí wá kọjú sí ọmọ náà, ó ní, “Jagun, ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó o.” Jagun fìbínú dìde: “Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Èmi kọ́ nìyẹn!” Ìbíwùmí ní, “Mo gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n òun lẹ ní kí n ránṣọ fún.” Àwọn àgbà fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí Jagun tún fẹ́ rán aṣọ, kò fi àwòrán ránṣẹ́ mọ́. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé Ìbíwùmí, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e.