Ebè Mẹ́tàdínláàádóje Àyọ̀ká

A fọwọ́ sọ àyà, a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó gbé omi ẹ̀bà kaná kò ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Látòóṣà ni olórí ààrò ní ìlú Ìdọ́gba, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Òfin ibẹ̀ le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ebè kan ṣoṣo ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò bá tíì pín dọ́gba. Látòóṣà ló ń pín in. Nítorí iṣẹ́ ńlá yìí, ó ti tó ogún ọdún tí kò fọwọ́ kan ọkọ́.

Nígbà tí ààrò kan Àyọ̀ká, opó tí ọkọ rẹ̀ fi èébù iṣu mẹ́tàdínláàádóje sílẹ̀ fún, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, èébù sì ti fẹ́ máa rà nínú apẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá tètè wọlẹ̀, ebi ni yóò bá òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣọdún.

Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ yọjú. Látòóṣà pín in: ebè mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n wo ẹyọ kan náà bí ẹni wo ejò.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi,” ni Àyọ̀ká wí.

“Èèwọ̀, ìyàwó wa! Ẹni tó ni ààrò kì í di ọkọ́ mú lọ́jọ́ rẹ̀,” ni Látòóṣà fèsì.

Wọ́n jẹ iyán rẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Látòóṣà ní kí méjì jókòó sílé. Àwọn méje gba méjìdínlógún-méjìdínlógún. Ẹyọ kan tún kù. Wọ́n jẹyán. Lọ́jọ́ kẹta, ó pe mọ́kànlá. Mẹ́fà ló ṣẹ́kù. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, ó fi dán méjì wò, ó dán mẹ́ta wò, ó dán mẹ́wàá wò. Nǹkan kan ń ṣẹ́kù ṣáá.

“Bàbá,” ni Akínṣòwọ́n, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, bi í, “ṣé iye yìí kò ní ìbátan tó lè pín in dọ́gba ni?”

“Ó ní méjì péré,” ni Látòóṣà dáhùn tìbànújẹ́tìbànújẹ́. “Ẹyọ kan, àti ara rẹ̀.”

Àyọ̀ká ń kó abọ́ lọ́wọ́. “Kí ẹ kúkú pe àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹ pe èèyàn mẹ́tàdínláàádóje, kálukú ebè kan. Iyán tèmi ń tán lọ.”

Látòóṣà to òkúta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gbogbo Ìdọ́gba ló tú jáde tọkọ́tọkọ́: ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, títí kan ìyá arúgbó tó ń fi èrú ọkọ́ tilẹ̀. Látòóṣà kà wọ́n: mẹ́rìndínláàádóje. Ó tún wọn kà, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú. Mẹ́rìndínláàádóje náà ni.

Akínṣòwọ́n na ọkọ́ sí i. “Bàbá, ìbátan kan ló kù.”

“Èmi? Èmi tí mò ń kà á?”

“Ẹ ti kà á tán.”

Látòóṣà wo Àyọ̀ká. Àyọ̀ká ń wo èébù kan ṣoṣo tó kù nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí kálukú ti mú tirẹ̀. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ. Ebè rẹ̀ wọ́ bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n èébù wọlẹ̀ kó tó rà. Nígbà tí wọ́n wa iṣu, tirẹ̀ wọ́ díẹ̀; nínú odó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdọ́gba fi ń pa á lówe pé, “Iṣẹ́ tó kọ̀ pínpín, gbogbo ìlú ní í pè, kì í yọ ẹni tó ń kà á sílẹ̀.” Ẹ jọ̀wọ́, kó má tẹnu yín jáde o: àwọn ọmọ ọmọ Látòóṣà ṣì ń sọ pé ńṣe ni bàbá àwọn yọ̀ǹda ara rẹ̀.