Ọba Tó Bu Omi Mu Fúnra Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ bíríkìlà láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì máa ń di ọba ní ọ̀sán Sátidé. Ẹgbẹ́ eléré ìlú rẹ̀ ló fi í jọba. Ó ga, ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dáadáa, ohùn rẹ̀ sì lè jí ẹni tó sùn ní òdìkejì odò. Nínú eré tí wọ́n ń ṣe, ọba burúkú ló jẹ́, ọba tó fòfin de odò kí ará ìlú má baà pọnmi níbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lórí ìtẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó lè bá a du ú.

Obìnrin kan wà nínú eré kan náà. Aránṣọ ni nílé, olorì kékeré ni lórí ìtàgé. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kó gbé igbá omi wá nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọba, kó kúnlẹ̀, kó gbé e fún un, kó sì ta ìborùn rẹ̀ bò ó lójú títí yóò fi mu ún tán. O ṣáà mọ̀ pé ojú ayé kì í rí ọba níbi tó ti ń jẹ tàbí tó ti ń mu. Bó bá ti gba igbá padà, ó di inú ilé, ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí ṣe ń gbé omi náà wá ni ọ̀rọ̀ wà. Á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, bí ẹni tó ń ro iye ìgbà tí ọba ti bínú láti àárọ̀. Á fi eékún rìn dé iwájú ìtẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, omi á dà sí i lápá, kò sì ní nù ún. Gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀pà jẹ lórí ìjókòó á gbàgbé ẹ̀pà sọ́wọ́.

Bí eré bá parí, àwọn òǹwòran á kí ọba pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n á kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ yí aránṣọ ká. Ọ̀kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù bà mí fún yín. Mo rò pé yóò gbá yín létí ni." Òmíràn á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa wò ó bóyá ó ṣì ń gbọ̀n.

Bíríkìlà á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú adé páálí lórí, á máa wò wọ́n. Òun ló há ọ̀rọ̀ ojú ìwé ogún sórí, òun ló ń pariwo títí ọ̀fun fi ń dùn ún, ẹni tí kò sọ nǹkan kan ni wọ́n wá ń yí ká! Ká sọ òótọ́, ó ń jowú. Owú náà bá a délé, ó bá a dé ibi iṣẹ́. Bó bá ń to bíríkì, á máa dá sọ̀rọ̀ pé, "Igbá omi! Igbá omi lásán-làsàn!" Bó bá dé ìdí oúnjẹ, ohun kan náà ni. Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń bá jà. Ó ní kò sí ẹnì kan, ó sì yọwọ́ nínú àwo.

Nígbà tó yá, ìdíje eré dé. Àwọn adájọ́ yóò wá láti olú-ìlú, wọn yóò sì yan ọba kan ṣoṣo tí yóò ṣojú gbogbo agbègbè náà. Bíríkìlà fẹ́ ipò yìí ju bó ṣe fẹ́ ohunkóhun láyé lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ojú àwọn adájọ́ má lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó bá tọ olùdarí eré lọ, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ yọ olorì yẹn kúrò."

Tíṣà ní, "Kí ló ṣe?"

"Ó ń fa eré gùn, sà. Mo lè bu omi mu fúnra mi."

"Ọba wo ló ń bu omi mu fúnra rẹ̀?"

"Ọba tó lágbára ni, Bàbá. Àwọn ìjòyè náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ wọn ti pọ̀ jù. Wọn ò jẹ́ káwọn òǹwòran rí mi."

Tíṣà wò ó títí. Ó ní, "Ẹnì kan kì í jẹ́ Àwádé o."

"Bí ẹ ò bá yọ ọ́, ẹ wá ọba mìíràn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù, irú irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní gbogbo ìlú. Tíṣà gbà. Ó lọ bá aránṣọ nílé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin náà kò jà, ó ní òun yóò wá wòran. Nígbà tí bíríkìlà gbọ́ pé kò jà, ìyẹn náà tún dùn ún. Ó ti fẹ́ kó jà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn kún. Bíríkìlà jáde, ó gúnwà. Àwọn ìjòyè dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí àwọn tó wá wo ilé tí wọ́n fẹ́ háyà. Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n lọ de ẹnikẹ́ni tó bá pọnmi lódò. Ohùn rẹ̀ kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Òùngbẹ wá dé. Ó dìde lórí ìtẹ́, ó rìn lọ sídìí àmù tó wà ní igun, ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó bu omi, ó sì gbé e sẹ́nu níṣojú gbogbo ayé. Gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ìyá àgbà kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kábíyèsí, ẹ má gbàgbé, ẹ dé àmù padà o!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọba bínú, ó ní òun yóò bẹ́ orí ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń pariwo tó ni ẹ̀rín náà ń le sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ pàápàá ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Bíríkìlà wo àwọn adájọ́, ó rí i pé wọn kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó mọ̀ pé òun ti tẹ́.

Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára aránṣọ lórí ìjókòó ìlà kejì. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sí àárín ọ̀nà níbẹ̀, ó tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ìlà tó tẹ̀ lé wọn dákẹ́. Kò pẹ́, ẹni tó ń wúkọ́ pàápàá gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Ọba kan náà ló wà lórí ìtàgé, ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti di ẹni tí èèyàn ń bẹ̀rù. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò mira.

Àwọn adájọ́ yàn án. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn kò tíì rí irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kankan. Ó dúpẹ́. Ohun tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, inú rẹ̀ kò sì dùn, nítorí ó mọ ẹni tó fún un. Bí mo bá sọ fún ọ pé owú tán lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Ó jowú obìnrin náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kìkì pé kò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́.

Láníyì, mo ti ka ìwé ìtàn kékeré tí o kọ, tí o gbé wá fún mi. O pe baálé inú rẹ̀ ní ẹni ẹ̀rù nígbà mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí géètì fún un ń súfèé, awakọ̀ rẹ̀ ń yán. Ta ló wá ń bẹ̀rù rẹ̀? Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀ o. Ara àwọn tó yí alágbára ká la ti ń rí agbára rẹ̀. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún un ní orí kejì, tó máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé e jáde, òun nìkan ló já mi láyà nínú gbogbo ìwé yẹn. Mo wá a ní orí kẹta, n kò rí i mọ́. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé torí gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ ka ìwé náà ń béèrè obìnrin yìí, tí ẹnì kan kò béèrè baálé, ni o fi yọ ọ́. Owú lò ń jẹ, ọmọ mi, èèyàn tí o fọwọ́ ara rẹ dá lò ń bá jowú. Máa lọ sílé. Má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún tẹnu baálé. Dá obìnrin náà padà sídìí ààrò, kí o sì jẹ́ kó gbọ́ ìró bàtà ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.