Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Fọlárìn So Mọ́ Orí Àpáta

"Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí rẹ̀ nínú wa? Àwọn aránṣọ ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní irọ́ ni, ọ̀dọ̀ tiwọn ni, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ òfin jiyàn kó jàre. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí.

Fọlárìn wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ òfin kan ní ìlú orí àpáta, níbi tí wọ́n ti ń ra omi mu. Ẹnu rẹ̀ dùn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Nígbà tí ìjíwèéwò gbilẹ̀, ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégoróyè, ní kó kọ òfin ìwà òtítọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tẹ̀ lé. Obìnrin yìí kan náà ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìwà rere fún un, láìsí ìyẹn kò lè di lọ́yà.

Fọlárìn fi iṣẹ́ náà falẹ̀ títí ọjọ́ fi pé. Ló bá wá òfin ilé ẹ̀kọ́ mìíràn rí, ó dà á kọ látòkè délẹ̀, ó yọ orúkọ tiwọn, ó fi ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i. Àní òfin tó ní kéèyàn má jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, ó jí i kọ. Kò tilẹ̀ kà á tán.

Lọ́jọ́ ìpàdé gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó wọ ẹ̀wù kóòtù dúdú, ó ń kà á síta bí adájọ́ àgbà. Ó débi kan: "Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò gbọdọ̀ so ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ èbúté, kò sì gbọdọ̀ fi ìwé pamọ́ sínú rẹ̀."

Ẹnì kan bi í látẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé, "Ẹ̀gbọ́n, èbúté wo?"

Ó yẹ kó jẹ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu dídùn kò jẹ́. "Òfin tó dára máa ń wo iwájú," ló wí. "Bí òjò ńlá bá rọ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Fọlárìn, ka ìyà tó wà fún ẹni tó bá jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ."

Ó ṣí ìwé, ó rí i. "Kí a lé e lọ pátápátá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ṣàánú mi. Èmi kọ́ ni mo kọ ìyẹn náà."

"Ó dáa. Lọ jókòó, kí o kọ tìrẹ. Ohun tí o bá kọ la ó fi dá ọ lẹ́jọ́."

Fọlárìn jókòó, ó mú bírò. Bó bá kọ ìyà tó fúyẹ́, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá kọ èyí tó wúwo, ọrùn ara rẹ̀ ni. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Nígbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dúró fún ọdún kan gbáko kí a tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó dùn ún wọra, ó sì lo ọdún náà pé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti di lọ́yà bá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, Fọlárìn a ní, "Ti èbúté ṣò mí, ti ilé-lílé fún mi. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló bá mi mu, ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́."

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi iṣẹ́ tàbí ọgbọ́n ẹlòmíràn yangàn, wọn a rọra pòwe yìí fún un, kó lè lọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀.