Ife Ọlọ́dà Pupa

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gbọ́ pé Màmá Fẹ̀hìntọlá, ọ̀kan nínú wọn, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ń lo oògùn éèdì, àrùn tí wọ́n ń pè ní kògbóògùn.

Alága ní, "Àgbàlagbà bíi tiyín! Ẹ ò tijú?"

Wọ́n kun ife kan ní ọ̀dà pupa fún un, kó máa dá lò ó. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù jọ ń fi ife kan ṣoṣo mumi.

Kògbóògùn ń gbọ́ oògùn. Ara Màmá le. Nígbà tó dé ìpàdé lọ́jọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n kó nínú ife àjọlò wọn ti dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

Màmá po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lónìí, a ti mọ̀. Alága, ife wo ni kí n fi bù ú?"

Alága kérora: "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ife pupa yẹn ni."