Ẹṣin Tó Mọ Ọba Kí

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ẹṣin ẹ̀ ju bí àwọn kan nínú yín ṣe fẹ́ràn àna wọn lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dúdúyẹmí lorúkọ ẹṣin náà. Dúdú ni lóòótọ́, ó sì mọ̀ pé ó yẹ òun.

Ìdílé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó máa ń gẹṣin lọ kí ọba lọ́jọ́ kejì Iléyá. Bí wọ́n ṣe ń kí i nìyí: ẹlẹ́ṣin á sáré kútúpà kútúpà láti ìsàlẹ̀ pápá wá, bó bá ku díẹ̀ kó tẹ ọba mọ́lẹ̀, á fa ìjánu, ẹṣin á dúró gbọn-in. Àwọn ẹṣin yòókù, ibi tí tiwọn parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dúdúyẹmí á tún gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sókè, á ká a, á tẹrí ba. Ọba á na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i, ayé á hó yèè. Ọdún méjì lọkùnrin náà fi kọ́ ọ. Ẹ̀pà ló fi ń bẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku nǹkan bí ogójì ọjọ́ kí Iléyá pé, Dúdúyẹmí ki ẹsẹ̀ bọ ihò òkété lọ́nà odò. Ọkùnrin náà rò pé ó kàn kọsẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ilé ẹṣin, ẹṣin gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè sí i. Inú ẹ̀ dùn.

"Háà, Dúdú! Èmi náà dọba lónìí? Káàárọ̀ o."

Ó fún un lẹ́pà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo ẹṣin tó mọ̀wà hù ju ọmọ wọn lọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó ẹ̀ yọjú.

Obìnrin náà wò ó títí. "Bàbá Ráfátù, ta ló ń kíni tí ò gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ látàárọ̀? Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn wò."

Ó fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ náà gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹṣin gbọ̀n rìrì. Ọkùnrin náà jókòó sórí ìgbẹ́ ẹṣin níbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìgbẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta lẹran náà ti ń ké pè é, òun ń dá a lóhùn pé káàárọ̀.

Dókítà ẹranko gun ọ̀kadà wá láti ìlú kejì. Ó ní iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló ya, kò tíì já tán, ó ṣeé wò. Kí wọ́n máa da omi tútù sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n máa fi báńdéèjì dì í. Kí wọ́n má gùn ún fóṣù mẹ́ta. Ó wá kó ẹ̀tù funfun kan lé e lọ́wọ́, pé kó máa pò ó mọ́ èèrí fún ẹṣin.

"Bàbá, ẹ gbọ́ o. Ìrora loògùn yìí ń pa, kì í rán iṣan. Ìgbà tó bá ń rìn dáadáa gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù."

Ọkùnrin náà ṣe gbogbo ẹ̀. Á bu omi kànga, á máa dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí ẹsẹ̀ náà títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Ẹṣin á gbé àgbọ̀n lé e léjìká, á máa mí gbígbóná sí i létí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Dúdúyẹmí ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń yan. Ó tiẹ̀ ta ewúrẹ́ kan nípàá.

Àbúrò ọkùnrin náà wá wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí lẹ ní ń ṣàìsàn? Ẹṣin tó dáni, wọ́n ní ká tún un gùn ni. Èyí ò tiẹ̀ dá yín, ẹ wá ń jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú abiyamọ. Ẹ ẹ̀ rántí pé ìdílé tí kò bá mú ẹṣin wá, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń tò wọ́n sí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ìyàwó ẹ̀ ní, "Oṣù mẹ́ta ni dókítà sọ."

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé dókítà ló bí i ni? Ṣé o ò rí i pé kò gbẹ́sẹ̀ sókè sí mi láàárọ̀ mọ́?"

"Oògùn ni ò jẹ́ kó kí yín, Bàbá Ráfátù."

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá pé, oògùn tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà wọlé, ẹṣin gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Kò dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló gun ọ̀kadà lọ sílùú kejì, ó lọ ra ẹ̀tù sí i. Ó mọ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ "mi ò mọ̀" ò jìnnà sí yín lẹ́nu. Ó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ó po ìlọ́po méjì. Dúdúyẹmí jẹ ẹ́, ó lá abọ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n di gàárì sí i, wọ́n so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tó kàn wọ́n, ẹṣin náà sáré débi pé àwọn èèyàn dìde dúró. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹsẹ̀ kankan ti ń dùn ún rí. Ó dé iwájú ọba, ó fa ìjánu.

Ó gbọ́ ọ. Kò ró ju igi gbígbẹ tí wọ́n dá fún iná lọ, òun nìkan ló gbọ́ ọ, ó gbà á ní itan ara ẹ̀.

Dúdúyẹmí gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

Ayé hó yèè. Ọba na ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò padà sílẹ̀. Ọba rẹ́rìn-ín, ó tún un nà. "Ẹ wo bó ṣe ń kíni pẹ́ tó lọ́dún yìí!" Pátákò ń mì dirodiro bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn ẹ̀ fẹ́ já. Ọkùnrin náà ń sunkún lórí gàárì, wọ́n ní ayọ̀ ni. Oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ẹṣin. Kò ké. Ó kàn yí ọrùn padà, ó ń fi imú wá ẹ̀pà lápò olówó ẹ̀.

Dókítà yẹn ní egungun ti fọ́ yángá, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè tò níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ló kù, tí ẹran kì í jí lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn náà ń pa ìrora. Ọkùnrin náà ń fún un lẹ́pà títí tí kò fi jẹ ẹ́ mọ́.

Wọn ò tò wọ́n sẹ́yìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iwájú ni wọ́n ní kí wọ́n dúró. Kò sẹ́ṣin tí wọ́n máa gùn.

Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀, òun náà ti ń wolẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra aṣọ fún ìyàwó yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ burúkú tẹ́ ẹ sọ sí i, tí kò rojọ́ mọ́, tẹ́ ẹ wá ń sọ kiri pé ilé yín ti tòrò, ẹ̀tù funfun lẹ pò mọ́ èèrí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún àbúrò yín lówó ọtí lórí ilẹ̀ bàbá yín tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín báyìí, àbí? Ó ń dọ̀bálẹ̀ pẹ́ pàápàá. Ẹni tó dákẹ́ ò tíì sàn. Ẹ sì ti di gàárì sí i lẹ́yìn.

Ó lè ti pẹ́ jù fún ẹlòmíràn nínú yín, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé, tẹ́nì kan bá gbẹ́sẹ̀ sókè síwájú yín, ẹ má tíì na ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà wò.